Bí Ẹṣin Ṣe Ń Gbẹ́kẹ̀ Lé Ènìyàn



Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo fẹ́ bá yín sọ. Púpọ̀ nínú wa kò dàgbà láàrin ẹṣin. Ní ilẹ̀ igbó tí a ti wá, eṣinṣin amùjẹ̀ kan wà tí ń kó àìsàn ran ẹran, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá, tí wọ́n fi ẹṣin jagun, Òkè Ọya níhìn-ín ni wọ́n ti ń rà á. Nítorí náà, kí ojú má ti ẹnikẹ́ni bí ọmọ Hausa ọlọ́dún mẹ́wàá bá mọ ẹṣin jù ú lọ. Kí ó bi ọmọ náà léèrè ni. Ìkórè odindi ọdún kan lè wà lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà, ọmọ yín sì lè jókòó lé e. Bí ẹ̀rù bá ba ẹṣin náà, inú kòtò ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Bó ti wù kí ẹṣin tóbi tó, ẹran tí ẹranko ẹhànnà ń pa jẹ ni. Sísá ni ààbò rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí ni ó wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá yọ́ gba ẹ̀yìn dé, ìpá ni yóò fi kí i. Kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ni. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká wá, ẹ máa sọ̀rọ̀ bọ̀, kí ó gbóòórùn ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó rìn, ẹ fa okùn díẹ̀. Bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ dẹ okùn náà lójú ẹsẹ̀. Ibi dídẹ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ wà, kì í ṣe ibi fífà. Ẹni tí ó ń fà á nìṣó ti sọ fún ẹṣin pé gbígbọ́ràn kò lérè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹṣin rẹ̀ sá lọ, tí ó padà wá, tí ó wá nà án. Lójú ẹṣin, pípadà wá ni wọ́n ṣe nà án. Bí ó bá tún sá, ẹ ó wá a dé abúlé kejì.

Ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, Wilhelm von Osten ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hans. Ní 1904 òkìkí kàn pé ẹṣin náà mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá ní méjì àti mẹ́ta jẹ́ mélòó, a fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé wò ó títí, wọn kò rí ẹ̀tàn kankan. Oskar Pfungst ló tú u, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1907. Bí ẹni tí ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, tàbí bí Hans kò bá rí i, ẹṣin ń ṣì í. Nígbà tí iye bá pé, onítọ̀hún a gbé orí sókè díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin a sì dúró. Àwọn kan ní ìyẹn fi hàn pé ẹṣin kò gbọ́n. Èmi kò gbà. Ẹran tí ó rí mímì orí tí ọ̀mọ̀wé kò rí, ta ni yóò fi ẹnu dídùn tàn án? Ojú l'ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹ bá ti oko dé tinú-bínú, tí ajílẹ̀ wọ́n, tí àgbàdo kò tà, ẹ jókòó ná, ẹ mu omi. Kí ẹlòmíràn nínú ilé bu omi fún ẹṣin lọ́jọ́ náà. Ẹni tí yóò yá ẹṣin aládùúgbò lọ́jọ́ ọjà, kí ó ti lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ó bá olówó ẹṣin bọ́ ọ, kí ó sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Bí ìbéèrè bá wà, mo ń gbọ́.