Ìbẹ̀rù Níbi Iṣẹ́ àti Ìgbàgbọ́ Wa

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ kan gbogbo ẹni tí ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun ní Adja-Ouèrè yìí, ìbáà ṣe lóko ní Massè, ìbáà ṣe lọ́jà Ikpinlè: ìbẹ̀rù tí í máa wí fún òṣìṣẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Iṣẹ́ yìí ju agbára rẹ lọ."

Àwa mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ní ilé-ìwé abúlé kan, ṣọ́ọ̀kì a máa gbọ̀n lọ́wọ́ wa. A kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè, kí àṣírí àìmọ̀ wa má baà tú. Àdàkọ ni a ń mú wọn ṣe láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, a sì ń pe èyí ní ìrẹ̀lẹ̀. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ rárá. Ìránṣẹ́ inú Ìhìnrere tí ó ri tálẹ́ńtì kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ kì í ṣe olè. Ẹ̀rù ni ó bà á. Síbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kò yìn ín. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń jìyà ohun tí àwa rì mọ́lẹ̀.

Katikíìsì àgbà kan wà ní abúlé náà. Kò kàwé púpọ̀. Etí ni ó fi kọ́ ọ̀pọ̀ àdúrà. Síbẹ̀, òjò kì í dá a dúró, ẹrẹ̀ kì í dá a dúró. A bi í pé, "Bàbá, ẹ̀rù kì í bà yín ni?" Ó ní, "Ó ń bà mí, olùkọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe tèmi nìkan. Ohun tí n kò bá mọ̀, Fádà ni mo máa ń bi."

Ìdáhùn yìí ni ó mú wa tún ìtàn Mósè kà. Ó sọ fún Ọlọ́run pé ẹnu òun wúwo. Ọlọ́run kò tún ahọ́n rẹ̀ ṣe. Árónì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Ó fi tì í lẹ́yìn. Àìmọye ìgbà ni a ti gbọ́ ìtàn náà kí ojú wa tó là sí i.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ti ilé wa pẹ̀lú. Ní ọdún 1861 ni àwọn míṣọ́nnárì SMA gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ó di ọdún 1928 kí ọmọ Dahomey àkọ́kọ́ tó di àlùfáà: Fádà Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, elédè wa. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin! Ta ni ì bá dá a lẹ́bi bí ó bá wò yíká, tí kò rí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kan tí ó ti ṣe é rí, tí ó sì padà sílé? Kò padà. Ó tilẹ̀ tún kọ ìtàn Kétu sílẹ̀, iṣẹ́ tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ ti máa ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ katikíìsì náà, a gbàdúrà, a sì lọ bá olùkọ́ tí ó ṣáájú wa lẹ́nu iṣẹ́. A jẹ́wọ́ fún un pé ìṣirò tí a fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ kò tíì yé wa tó. Kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Bí a ti ń kọ́ wọn lọ, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó béèrè ìbéèrè. A kò mọ ìdáhùn rẹ̀. A sọ bẹ́ẹ̀ fún un, a sì ní kí gbogbo wa jọ wá a.