Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíya Fọ́tò Ojú Ọ̀run Lóru

Alága, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán tó pè mí! N kò ní fi àlàyé ìpìlẹ̀ gba àkókò yín. Ẹ mọ̀ pé ihò lẹ́ńsì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, pé bí ó bá ṣe pẹ́ ní ṣíṣí sí ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí, àti pé ISO ni à ń fi gbé ìwọ̀nba tó wọlé ga. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kan ni mo gbé wá. Àwọn kan láàárín wa ní fọ́tò tí a bá ti tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà ti di irọ́. Bó ṣe jáde ni kó wà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì tíì gbà fún wọn. Àgùàlà àti òṣùpá ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí mi.

Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, nígbà mìíràn a máa ń rí àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwọ̀-oòrùn. Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Kì í ṣe ajá rẹ̀ lóòótọ́: òṣùpá fi nǹkan bíi 384,000 kìlómítà jìnnà sí wa, àgùàlà sì jìnnà tó nǹkan bí ìlọ́po 100 bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá sún mọ́ wa jù. Ẹ tún òṣùpá náà wò dáadáa. Yàtọ̀ sí etí rẹ̀ tó ń tàn, ẹ ó rí ìyókù ara rẹ̀ fírífírí. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn tó kan ayé wa tó sì ta padà sí òṣùpá nìyẹn. Leonardo da Vinci ti ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn.

Ojú wa rí etí òṣùpá tó ń tàn àti ìyókù ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà kò lè mú méjèèjì dáadáa nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Bí mo bá yà á kíákíá, etí òṣùpá á dára, ìyókù á dúdú. Bí mo bá ṣí lẹ́ńsì fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ìyókù á yọ, etí á funfun báláú. Nítorí náà mo ya méjì, mo sì so wọ́n pọ̀. Èwo ni irọ́ níbẹ̀? Ẹni tó ní òun kò tún fọ́tò ṣe, JPEG ló ń lò. Ẹ̀rọ inú kámẹ́rà ti bá a yan àwọ̀, ó ti bá a da díẹ̀ nù. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn, ọ̀gá mi máa ń fi ọwọ́ ṣíji bo apá kan bébà kí ibẹ̀ má baà dúdú jù. Ta ló pè é ní òpùrọ́?

Òpùrọ́ wà o. Mo ti rí fọ́tò tí ìràwọ̀ ń tàn láàárín ìwo méjèèjì òṣùpá. Ara òṣùpá ló wà níbẹ̀! Ìràwọ̀ wo ló gba ibẹ̀ kọjá?

Kí n tó gbàgbé: lálẹ́ àná, àwọn kan tan iná fóònù sí òṣùpá àrànmọ́jú láti yà á. Ẹ jọ̀wọ́, iná yẹn kò kọjá igi máńgòrò tó wà níta. Òòrùn ló ń tàn sí òṣùpá, ẹ yà á bí ohun ọ̀sán: ISO 100, f/11, 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá.

Alága ti ń na aago sí mi. Ìràwọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, f/2.8, ISO 3200. Ìwé ní kí ẹ fi gígùn lẹ́ńsì pín 500: lẹ́ńsì 24mm á fún yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ìràwọ̀ tó ń gba orí wa kọjá wà lára àwọn tó ń yára jù. Ẹ dín in kù sí 12. Ẹ yẹra fún òṣùpá àti eruku ọ̀yẹ́.

Ní ti àtúnṣe, RAW ni kí ẹ fi pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọ̀ iná títì kúrò. Bí ẹ bá to fọ́tò 16 léra, àwọn àmì wínníwínní tó máa ń hàn bí ISO bá ga á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀fẹ́ ni Siril àti GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ lè fi ṣe é.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe sí fọ́tò sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.