Ẹja Ekurá Kọ́ Ló Ń Pa Wá Létí Òkun

Ọ̀rọ̀ ẹja ekurá ni mo gbé wá lónìí. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń jiyàn lé e lórí: ṣé ó yẹ kí ìjọba máa pa ẹja yìí, kí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pákó gun ìgbì lè máa ṣeré wọn láìfòyà? Èmi ò ní fi èrò mi pamọ́ fún yín. Kò yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kí wọ́n máa pa á ní ìdí tó wúwo, ibẹ̀ ló sì yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo erékùṣù Réunion, ilẹ̀ abẹ́ Faransé nínú òkun Íńdíà. Láàárín 2011 sí 2019, ènìyàn 11 ni ekurá pa níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ẹni tó ń gun ìgbì. Nígbà tó di 2013, ìjọba fòfin de lílúwẹ̀ẹ́ àti gígun ìgbì, àfi níbi tí òkúta inú òkun bá ti dáàbò bo omi tàbí tí ẹ̀ṣọ́ bá wà. Wọ́n ń fi ìwọ̀ ńlá mú irú ekurá méjì, àwọn tí Faransé ń pè ní requin-bouledogue àti requin-tigre. Ìyá tó sin ọmọ nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé kó ṣàánú ẹja?

Ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọ̀n ni wọ́n ta sínú òkun láti 1952. Láti ìgbà náà, ikú láti ẹnu ekurá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn ní etíkun ìlú náà. Òótọ́ ni, n kò lè bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n ọ̀hún kò dí ojú omi pa. Ẹja lè gba òkè rẹ̀ kọjá, ó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá; èyí tó bá kó sí i ni yóò kú. Kò sì mọ ẹni tó ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣẹ̀. Ìjàpá inú òkun tó ń lọ yé ẹyin ń há síbẹ̀. Dọ́lífíìnì tó gbọ́dọ̀ yọrí wá mí afẹ́fẹ́ ń há síbẹ̀, kò sì ní lè yọrí mọ́.

Hawaii ní Amẹ́ríkà lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1959 sí 1976, owó ìjọba ni wọ́n fi pa ekurá 4,668. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ṣírò ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ, wọn kò rí i pé ìkọlù ekurá sí ènìyàn dín kù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹja yìí kì í gbé ojú kan. Bí ẹ bá pa èyí tó wà níwájú yín lónìí, òmíràn lè ti ọ̀nà jíjìn dé lọ́la. Ní 2014, ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà dẹ ìwọ̀ tirẹ̀ nítorí ekurá funfun ńlá tó ti pa àwọn ènìyàn wọn. Ekurá 172 ni ìwọ̀ náà gbé. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó jẹ́ funfun ńlá náà. Wọ́n pa ètò náà tì lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ìbẹ̀rù ekurá ti pẹ́ ní etíkun wa ní Benin. Láyé àtijọ́ kò sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ láti Grand-Popo títí dé Cotonou. Ọ̀kánkán ni ọkọ̀ òyìnbó ń dúró sí, àwọn atukọ̀ yóò sì wa ọkọ̀ ìgbájá la ìgbì tó ń fọ́ kọjá, pẹ̀lú ẹrù àti àwọn ènìyàn tí wọ́n dè lókùn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ìgbì ń pani, ekurá náà sì wà níbẹ̀. Willem Bosman, oníṣòwò ará Holland tó gbé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1704 pé òun rí bí ekurá mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe ń bẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti fa òkú ẹrú tí wọ́n jù sómi ya. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ń ju òkú náà? Ta ló kọ́ ẹja pé oúnjẹ wà lẹ́yìn ọkọ̀? Nínú ìwà ìkà yẹn, ènìyàn ló ṣíwájú, ẹja ló tẹ̀ lé e.

Orúkọ burúkú náà ni ọba kan wá sọ di oyè. Nígbà tí Béhanzin gorí ìtẹ́ Abomey lẹ́yìn bàbá rẹ̀ Glèlè, ekurá ló fi ṣe àmì ara rẹ̀: òun ni yóò dí ọ̀nà òkun mọ́ Faransé. Wọ́n gbẹ́ ère kan fún un, iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ti ọ̀gá agbẹ́gilére Sossa Dede. Ara ẹja ni, apá àti ẹsẹ̀ ènìyàn. Ní Àjàṣẹ́ níbí, Ọba Toffa wà lẹ́yìn Faransé, ìlú wa yìí sì ni ọmọ ogun Faransé lábẹ́ Ọ̀gágun Dodds ti gbéra lọ sí Abomey ní 1892, kí n má tan yín: ekurá Béhanzin kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn baba ńlá wa. Dodds kó ère náà lọ sí Faransé. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ló tó padà wálé, pẹ̀lú àwọn ìṣúra mìíràn, 26 ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n gbé wọn síta ní ààfin Marina ní Cotonou ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tọmọdé tàgbà ló lọ wò wọ́n, omi sì ń bọ́ lójú àwọn mìíràn. Orílẹ̀-èdè tó yọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ekurá onígi, ó yẹ kó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ekurá ẹlẹ́mìí.

Nítorí ó ń tán. Ẹ lọ sí etíkun láàárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ àwọn apẹja bá gúnlẹ̀. Ẹ lè rí ekurá olórí òòlù lórí iyanrìn, ojú rẹ̀ kan ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, èkejì ní ìpẹ̀kun òsì. Ẹ fi ọwọ́ pa á láti orí lọ sí ìrù, yóò máa dán. Ẹ fà á padà láti ìrù sí orí, yóò họ yín lọ́wọ́ bí ewé ìpín. Ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ imú rẹ̀: ihò wẹẹrẹwẹ ló kún ibẹ̀, nǹkan yíyọ̀ bí ọ̀rá sì wà nínú wọn. Ohun tó fi ń mọ̀ pé ẹja kan sá pamọ́ sábẹ́ iyanrìn nìyẹn, nítorí iná mànàmáná díẹ̀ tó máa ń jáde lára ohun gbogbo tó ń mí. Irú ẹja yìí kì í yára bí. Oyún rẹ̀ ń lò tó oṣù mẹ́wàá, ó sì ń pẹ́ lọ́pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ rárá. Ẹran rẹ̀ ń lọ sórí ààrò ìyanja, lẹbẹ rẹ̀ ń lọ sí Éṣíà níbi tí owó ti wà. N kò dá apẹja lẹ́bi, ó ní ọmọ tó ń bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìṣirò yìí yẹ̀ wò: àwọn onímọ̀ fojú bù ú ní 2013 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ekurá ni ènìyàn ń pa lọ́dún kan. Ní 2024, ní gbogbo àgbáyé, ìgbà 47 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ekurá bu ẹni tí kò tọ́ ọ jẹ. Mẹ́rin nínú wọn ló kú.

Ẹ̀yin Àgùdà ilé wa, tí baba ńlá yín ti Brazil padà wá, ẹ lè mọ orúkọ Recife. Láti 1992 ni ekurá ti ń bu ènìyàn jẹ ní etíkun ìlú náà, àwọn tó ti kú sì lé ní 20. Kí ló fà á? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ tọ́ka sí èbúté ńlá Suape tí wọ́n kọ́ sí gúúsù ìlú, tó ba igbó ẹ̀gbà àti ẹnu odò tí requin-bouledogue ń bímọ sí jẹ́. Àwọn olùwádìí kan níbẹ̀ kò pa ẹja. Ní àkókò kan, wọ́n ń fi ìwọ̀ mú un láàyè, wọ́n ń gbé e lọ sí ojú agbami, wọ́n á fi àmì sí i, wọ́n á tú u sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, ìkọlù lọ sílẹ̀ gidigidi. Bí a bá ní ìṣòro ekurá ní Benin lọ́jọ́ kan, irú ọ̀nà yẹn ni màá fẹ́ kí a gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa àwọn ọmọ wa ní Sèmè àti ní Fidjrossè kò ní eyín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé omi pa nǹkan bí 300,000 ènìyàn káàkiri ayé ní 2021 nìkan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní etíkun tiwa. Ìgbì ńlá ń da omi sórí iyanrìn léraléra. Omi náà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà, ó sì máa ń rí ojú kan tó jìn gbà, á máa sáré lọ sí agbami. Bí ẹ bá dúró lókè, ẹ ó rí i: ojú ibẹ̀ dúdú díẹ̀, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, ìfófòó sì ń ṣàn lọ sí òkun. Ó rọ̀ lójú, ibẹ̀ gan-an sì ni àlejò máa ń yàn láti wẹ̀. Kò sí apẹja ekurá tó lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó mọ òkun, àsíá pupa tó dúró níbi tó yẹ, àti ọmọ tó mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn ni yóò gbà wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ìlú tí etíkun wà lábẹ́ yín, ẹ gba àwọn ọ̀dọ́ apẹja síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, ẹ máa san owó wọn déédéé, pàápàá ní ọjọ́ ọdún àti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dá lọ sétí òkun. Bí omi bá sì ń gbé ọ lọ, má ṣe bá a jà, má ṣe kọjú sí ilẹ̀. Lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní títẹ̀ lé etíkun, títí tí agbára rẹ̀ yóò fi jù ọ́ sílẹ̀, kó o tó yí padà. Bí agbára rẹ kò bá gbé e, dojú sókè kó o léfòó, kó o máa na ọwọ́ kan. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sómi tẹ̀ lé ẹni tí omi ń gbé lọ: kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé lẹ́nu pa sí i, kó sì kígbe pe àwọn apẹja.