Jéró, Ilẹ̀ Yanrìn àti Àpò Ajílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Oko sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

Akọ̀wé ti sọ fún wa pé kí a má pẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ èsúsú ṣì wà nílẹ̀. A ó gbìyànjú.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹgbẹ́ gbà wá láyè láti mú díẹ̀ nínú owó àpò ẹgbẹ́, kí a fi gba oko lẹ́yìn ìlú, kí a gbin jéró sí i. Èrò wa ni pé bí jéró ti wọ́n tó lọ́jà yìí, a ó rí owó náà dá padà, a ó sì rí èyí tí a ó fi tún òrùlé gbọ̀ngàn yìí ṣe. Òrùlé náà rèé lókè orí yín; ẹni tí òjò rọ̀ sí lára níbí kò nílò àlàyé. Owó náà kò tíì padà. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ní kí a wá ròyìn, kí a sì sọ bóyá kí a tún dá oko lọ́dún yìí tàbí kí a jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Tiwa ni ẹ̀bi náà. Oko iṣu, oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wa sí. Nílé, bí ilẹ̀ bá ti rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀, a ó lọ ṣán igbó mìíràn. Ìmọ̀ yẹn ni a gbé wá sórí ilẹ̀ tí kò ní igbó kankan tí ènìyàn lè ṣán. Lọ́dún kìíní, a ra àpò ajílẹ̀ òyìnbó mẹ́wàá. (Nígbà tí a gbé méjì nínú wọn sórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn náà, wọn kò pé àádọ́ta kílò, wọ́n ti tú ẹnu wọn, wọ́n sì tún un rán. A kò ní dárúkọ ẹni tí ó tà wọ́n fún wa.) Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, a fọ́n ajílẹ̀ náà káàkiri oko bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Òjò dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jéró tí ajílẹ̀ bọ́ sí nídìí gbẹ bí ewé tábà. Nígbà tí òjò sì padà, ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ́ ajílẹ̀ tí ó kù lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí gbòǹgbò kò lè bá a.

Lọ́dún kejì, a tún gbin jéró sórí jéró. Nígbà náà ni a mọ èpò tí àwọn Hausa ń pè ní wúta-wúta. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa mọ̀ pé iná ni wúta. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò dára lójú. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ já a wá fún ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èpò yìí tó yọ sókè rárá, gbòǹgbò rẹ̀ ti so mọ́ gbòǹgbò jéró lábẹ́ ilẹ̀, ó ti ń mu omi àti oúnjẹ rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá èso, wọ́n sì kéré bí eruku. Wọ́n lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n máa dúró de ẹni tí yóò tún gbin jéró tàbí ọkà bàbà sórí wọn. Àwa ni wọ́n dúró dè.

Bàbá Hausa kan wà tí oko rẹ̀ fi ààlà kan tiwa. Òjò kan náà ni ó rọ̀ sí wa, jéró kan náà ni a gbìn, èyí tí wọ́n ń pè ní gero, tí kì í pẹ́ púpọ̀ kí ó tó gbó. Tirẹ̀ so, tiwa kò so. A di obì mú, a lọ kí i. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi wá léèrè pé màlúù mélòó ni ó ti sùn sórí ilẹ̀ wa rí.

Ìbéèrè náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lé.

Ilẹ̀ tí a gbà yìí ni àwọn Hausa ń pè ní jìgáwá. Yanrìn ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, amọ̀ kò tó nǹkan, ewé jíjẹrà kò sì sí. Ohun tí a bá dà sí i ń gba inú rẹ̀ kọjá bí omi inú ajere. Ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò tí ó jẹrà ni wọ́n ń ṣe bíi kànhìnkànhìn fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ń gba omi dúró tí wọ́n sì ń di ajílẹ̀ mú. Àwọn tí ó ṣèwádìí ní orílẹ̀-èdè Niger àti Mali tún rí i pé lórí irú ilẹ̀ yìí, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó sábà ń kọ́kọ́ wọ́n jéró, àní ní ibi púpọ̀ ju omi lọ. Àgbẹ̀ a máa wojú ọ̀run nígbà tí ó jẹ́ pé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àìní wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àròsọ àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù. Ní ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, láti 1950 ni wọ́n ti ya oko kan sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù sí apá kan, ajílẹ̀ òyìnbó sí apá kan, méjèèjì pọ̀ sí ibòmíràn, tí apá kan kò sì rí nǹkankan. Òwú, ọkà bàbà àti ẹ̀pà ni wọ́n gbìn síbẹ̀, kì í ṣe jéró, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kan náà ni. Ibi tí ó ń gba ajílẹ̀ alámóníà nìkan lọ́dọọdún di ilẹ̀ kíkan, agbára rẹ̀ sì ń relẹ̀. Ibi tí ó ń rí ìgbẹ́ màlúù dúró. Ẹni tí ó bá sì ti gbé Kano ti rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ń ru taki láti inú ìlú lọ sóko. Ilẹ̀ tí ó yí ìlú náà ká kò rí ìsinmi láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, síbẹ̀ ó ń so.

Ohun kejì ni pé kí a máa fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà pààrọ̀ jéró. Gbòǹgbò ẹ̀wà ní kókó kéékèèké lára tí ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́, ẹ fa ìdí kan tu ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ gbìn ín, kí ẹ la kókó náà. Bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀wà tún ń tan wúta-wúta jẹ: gbòǹgbò rẹ̀ lè jí èso èpò náà lójú oorun, yóò hù, kò sì ní rí jéró tí yóò so mọ́, yóò kú. Ṣùgbọ́n a rí ewu kan níbẹ̀. Bí a bá fa ewé àti ìtàkùn ẹ̀wà tu tán, tí a tà á ní harawa fún àwọn tí ń sin àgbò, ohun tí yóò kù fún ilẹ̀ kò pọ̀. A sì mọ ara wa: owó harawa kì í pẹ́ wọ̀ wá lójú.

Nísinsìnyí ni a ó wá sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ òyìnbó. Ìmọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ fún jéró ni 60 kílò náítírójìn, 30 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti 30 pọ́táàṣì fún hẹ́kítà kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ àpò 15-15-15 mẹ́rin, àti yúríà bí 65 kílò lé e. Akápò ti ń mi orí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, Akápò. Àwọn ará Niger, Mali àti Burkina Faso ń fi ìwọ̀n gíráàmù mẹ́fà péré, ohun tí ó kún ìdérí ìgò kan, sínú ihò kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ń gbìn. Bí ihò bá jẹ́ 10,000 ní hẹ́kítà kan, 60 kílò ni gbogbo rẹ̀, ó fi díẹ̀ ju àpò kan lọ. Ìkórè jéró àti ọkà bàbà wọn fi 44 dé 120 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oko tí a ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nítorí pé ìdí jéró gan-an ni ajílẹ̀ náà wà, gbòǹgbò tètè bá a, ó sì tètè wọlẹ̀ kí ọ̀dá tó dé. Bí a bá fẹ́ fi yúríà kún un, kí ó jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn ìroko, nígbà tí ilẹ̀ tutù, kí a sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Yúríà tí oòrùn bá rí lókè ilẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àmọ́ ìdérí ìgò kan kò lè bọ́ ilẹ̀ títí. Ohun tí jéró ń kó lọ ju ohun tí a fi sí i. Bí kò bá sí ìgbẹ́ màlúù àti ẹ̀wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní pẹ́ tí a ó fi padà síbi tí a wà.

Ibi tí ìgbìmọ̀ wa ti yapa nìyí, a kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Ọdọọdún ni onílẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ wa, ó sì lè gba ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Àwọn kan nínú wa ní, ta ni yóò ru ìgbẹ́ màlúù sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ó lè dára tán kí wọ́n lé wa? Òótọ́ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa rí. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màlúù kì í ṣiṣẹ́ tán ní ọdún kan, ẹ̀wà ọdún yìí sì ni jéró ọdún tí ń bọ̀ yóò jẹ. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ fún ọdún kan kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó ra ajílẹ̀ àpò, kí ó sì máa gbàdúrà.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí a kọ́kọ́ lọ bá onílẹ̀, níwájú Mài Ùngúwà, kí a tọrọ ọdún mẹ́rin, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Àwa náà yóò ṣèlérí pé a kò ní gé igi gawo kankan nínú oko rẹ̀. Igi náà ń wọ́wé ní ìgbà òjò, ó sì ń tún abẹ́ rẹ̀ ṣe fún jéró, nítorí náà kò ná wa ní nǹkankan. Bí ó bá gbà, ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni a ó gbìn lọ́dún yìí. Lẹ́yìn ìkórè, a ó bá àwọn Fúlàní darandaran sọ̀rọ̀ kí màlúù wọn wá sùn síbẹ̀, jéró yóò sì tẹ̀ lé e. Bí onílẹ̀ kò bá gbà ju ọdún kan lọ, kí a dá owó tí ó kù padà fún Akápò, kí a má ra àpò ajílẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni a ó lọ, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. A nílò ẹnìkan tí ó gbọ́ Hausa dáadáa, tí kò sì ń tètè bínú. Ìyá Ẹgbẹ́ ti fi obì sílẹ̀.