Owó Ìkọ́lé Wà, Ìwé Ilẹ̀ Ni Kò Sí

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ìtapàjí, Ìpaò, Òkè-Akò àti Ìrèlé, ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá lónìí.

Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì FUOYE sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó sì ní ọgbà kan ní Ìkọ̀lé, ni èrò ti ń wọ́ wá sí àríwá Èkìtì. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó náà ń kó nọ́ọ̀sì àti dókítà wá. Èrò ń pọ̀ sí i, ilé ò pọ̀ tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta á há mọ́ yàrá kan. Lańlọ́ọ̀dù á gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ejẹ́ńtì á gba tirẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì tún wà lọ́tọ̀. Mi ò dá lańlọ́ọ̀dù lẹ́bi púpọ̀. Ẹni tó ra sìmẹ́ńtì lówó gọbọi, tí kò rẹ́ni yá a ní kọ́bọ̀, ọrùn ayálégbé náà ni yóò ti gba owó rẹ̀ padà.

Ẹ wo bí òṣìṣẹ́ wa ṣe ń kọ́lé. Tíṣà á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n á kọ rìsíìtì fún un níṣojú ẹlẹ́rìí. Tówó oṣù bá dé, á ní kí wọ́n já ìwọ̀nba búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Kó tó rówó sìmẹ́ńtì, òjò ti pa búlọ́ọ̀kù títí ó fi di aláwọ̀ ewé. Ilé á dé lẹ́ntù, ọmọ á wọ yunifásítì, iṣẹ́ á dúró. Kò sí ìlú kan lágbègbè wa tí ẹ ò ní rí ilé tí igi ti hù láàárín pálọ̀ rẹ̀, tí ẹni tó ń kọ́ ọ ṣì ń san owó ilé fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀, owó wà tí òfin yà sọ́tọ̀ fún irú tíṣà yìí. Òfin National Housing Fund (NHF) ti ọdún 1992 ní kí wọ́n máa yọ 2.5 nínú 100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò Federal Mortgage Bank. Ẹni tó ń gba ₦100,000 ń dá ₦2,500 lóṣù nìyẹn, ₦30,000 lọ́dún. Ẹni tó bá ti dá a fún oṣù 6 lẹ́tọ̀ọ́ láti tọrọ owó ìkọ́lé. Èlé rẹ̀ ò ju 6 sí 7 nínú 100 lọ, nígbà tí báńkì tó kù ń gbà ju 20 lọ, ó sì lè fi tó ọgbọ̀n ọdún san án díẹ̀díẹ̀.

Kí ló wá dé tí a kì í rí ilé tí owó yìí kọ́ ní Ìtapàjí? Báńkì á béèrè ìwé ilẹ̀. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni àṣẹ ilẹ̀ ìgboro wà, ti ìgbèríko wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilẹ̀ tiwa, ilẹ̀ ẹbí ni. A mọ ààlà rẹ̀, a mọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n báńkì ò mọ baálé ẹbí, ìwé àṣẹ ilẹ̀ C of O ló mọ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo tó sanwó sọ̀fíyọ̀, kó sanwó fáìlì, kó máa wọkọ̀ lọ sí Adó-Èkìtì lẹ́ẹ̀mẹwàá, owó lẹ́ntù ti tán níbẹ̀. Á yáa jókòó. Tó bá fẹ̀yìn tì, tàbí tó pé ẹni 60 ọdún, wọ́n á dá owó NHF rẹ̀ padà pẹ̀lú èlé 2 nínú 100. Kí ni èlé 2 fẹ́ rà lọ́jà òní? Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: nọ́ọ̀sì ń dáwó ní Ìdó, ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ pé ní ìlú ńlá ló ń fi í kọ́lé.

Ìjọba ti ṣe ọ̀rọ̀ ilé dáadáa rí. Ní 1958, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀, àjọ náà ló kọ́ Bódìjà n'Ìbàdàn. Wọ́n kọ́kọ́ gba ilẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n la ọ̀nà, kí ilé tó bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó ló kún àpò ìjọba nígbà náà, kòkó Èkìtì sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Ṣàgárí dé, wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ilé 2,000 sí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò parí, òmíràn jìnnà sí ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé 100 sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774, àti pé ẹni tó bá gbà á kò ní san ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un. Ìkọ̀lé ní 100 níbẹ̀, Ọ̀yẹ́ ní 100, Ìdó-Òsì ní 100. Ìbẹ̀rù mi ni pé kí wọ́n má lọ kó gbogbo rẹ̀ sẹ́bàá títì olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀. Ìtapàjí ní ilẹ̀, dáàmù omi sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àti iná dé ibẹ̀, ẹ ó rí i bí òṣìṣẹ́ Ìkọ̀lé yóò ṣe máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ìjọba Èkìtì náà, ẹ rán sọ̀fíyọ̀ wá. Ẹ wọn ilẹ̀ ẹbí lódidi, kí ẹ fi ìwé lé ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ́wọ́ pọ̀ ní iye tí apá tálákà ká. Kí owó rẹ̀ wọ ìwé ìṣúná ọdún, kí a lè rí i kà.

Ẹ̀yin bàbá olórí ẹbí, ẹ fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ kí ẹ tó ta ilẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè nọ́ńbà NHF yín lọ́fíìsì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, Federal Mortgage Bank ń yá ẹgbẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwé lówó láti kọ́lé fún ọmọ ẹgbẹ́, ẹ lọ bá wọn. Ẹ sì kọjá sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi wọ́n pé: ilẹ̀ ilé 100 tiwa dà?