Ère Kọ̀ǹpútà: Kí Ó Tó Kú Ni A Ń Gbẹ́ Ẹ

Yorùbá a máa wí pé, ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, òwe yìí yí padà. Nígbà tí ara rẹ̀ bá le koko ni a gbọ́dọ̀ gbẹ́ ère rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti kú, kò sí ojú tí agbẹ́gilére yóò wò gbẹ́ ẹ mọ́. Ère tí à ń wí yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní àwòrán dísíìkì: ẹ̀dà odidi ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, tí a kó jọ sí ojú kan, tí a sì lè fi sọ ẹ̀rọ mìíràn di irú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò sì sí èyí tí ó pọ̀ tó o ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgándò, ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò wọ́n. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, àwọn kan ń tẹ̀wé, àwọn kan ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, tí ó di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá ní ọdún 2015. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Iná mọ̀nàmọ́ná a sì máa lọ láìdágbére. Bí iná bá lọ nígbà tí dísíìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè dàrú, kọ̀ǹpútà náà sì lè má jí mọ́ nígbà tí iná bá dé.

Nínú àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, Linux wà lára èyí tí ó rọ ọlọ́wọ́ kékeré lọ́rùn. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn irú rẹ̀ kan sì ń ṣiṣẹ́ dáradára lórí ẹ̀rọ tí ó ti gbó. Nítorí pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn kan a máa wí pé, “Bí ó bá bàjẹ́, a ó fi òmíràn sí i. Kí ni à ń tọ́jú ẹ̀dà fún?” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Linux nìkan kọ́ ni ó wà nínú dísíìkì.

Ká ní obìnrin kan ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìgándò, tí ó sì ní ẹ̀rọ ogún. Lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, yóò fi Linux sí i, yóò fi ètò ìkọ̀wé àti ti ìṣírò kún un, yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yóò sì la àyè sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ̀rọ kan bá gba wákàtí mẹ́ta, ogún yóò gba ọgọ́ta wákàtí. Dátà tí ó ń fowó rà ni yóò sì fi fa púpọ̀ nínú rẹ̀ wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá kì í ṣe ohun tí a lè fẹ̀yìn tì nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, èyíinì ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ségesège ní Nàìjíríà àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ti gbẹ́ ère kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú àpótí kò ní láti dúró de wáyà kankan.

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láti gbẹ́ ẹ. Èkíní ni àṣẹ tí à ń pè ní dd, tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1970 nínú Unix, ètò tí Linux fi ṣe àwòkọ́ṣe. Gbogbo inú dísíìkì ni dd ń dà kọ, ibi tí nǹkan wà àti ibi tí ó ṣófo. Dísíìkì gígábáìtì 500 yóò bí ère gígábáìtì 500, àfi bí a bá fún un pọ̀. Kì í sì í béèrè bóyá ó dá ènìyàn lójú. Ẹni tí ó bá fi orísun sí ipò ibi tí à ń kọ sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ fi àṣẹ lsblk wo orúkọ àti ìwọ̀n dísíìkì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì ni Clonezilla, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Taiwan ṣe, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí a máa béèrè kí ó tó ṣe. Ibi tí nǹkan wà nìkan ni ó sábà máa ń kọ, nítorí náà ère rẹ̀ kì í tóbi jù.

Èyíkéyìí tí a bá yàn, a kì í gbẹ́ ère ẹni tí ń sáré. Kí a pa kọ̀ǹpútà náà, kí a fi fúláàṣì tí a ti ṣètò sílẹ̀ tan án, kí dísíìkì rẹ̀ lè sinmi. Kí a rí i dájú pé iná kò ní já ni kulẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí.

Láti inú ère kan yìí ni ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún yòókù yóò ti di ìbejì àkọ́kọ́, bí dísíìkì wọn kò bá kéré sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbejì ti wù kí ó jọra tó, Táíwò kì í jẹ́ Kẹ́hìndé. Kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Kí a sọ fáìlì machine-id rẹ̀ di òfìfo, kí ó lè fún ara rẹ̀ ní àmì ìdánimọ̀ tuntun. Bí ó bá ń lo SSH, kí a pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a óò máa fi ọ̀kan pe èkejì.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kọ́ nìyí. Wọ́n ń gbẹ́ ère, wọn kì í dán an wò. Ọjọ́ tí dísíìkì bá kú ni wọ́n tó mọ̀ pé ère náà kò pé. Kí a wá dísíìkì mìíràn, kí a dá ère náà padà sínú rẹ̀, kí a tan ẹ̀rọ, kí a sì rí i pé ó jí. Ẹ̀dà tí kò tíì jí ẹ̀rọ kankan dìde rí, ìrètí lásán ni.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní Ìgándò, kí ẹ̀dà kan wà nílé ní Ìkòtún, nítorí olè àti iná. Kí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, nítorí gbogbo àṣírí kọ̀ǹpútà ni ó wà nínú rẹ̀. Kí a sì rántí pé ère ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá kò mọ iṣẹ́ tí a ṣe ní ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń fẹ́ ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Dísíìkì kan, fúláàṣì kan àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni omi náà. Olùkọ́ tí ó bá dà á yóò lè sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kú, pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́.