Èènì Tí Ó Ń Pa Ọjà

Ẹni tí ó bá ra gàrí a máa retí èènì. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà ńlá bá ń fi ọṣẹ ṣe èènì fún gbogbo ayé, ta ni yóò tún ra ọṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́ṣẹ?

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó di ẹjọ́ ní Yúróòpù. Microsoft ni ó ni Windows, ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni ó fi ètò ìgbọ́rin tirẹ̀ sí. Nítorí èyí àti ẹ̀sùn mìíràn, Àjọ Yúróòpù bu ìtanràn mílíọ̀nù 497 yúrò lé e ní 2004, ó sì pàṣẹ kí ó máa ta Windows tí kò ní ètò náà pẹ̀lú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye kan náà ni ó ń ta méjèèjì. Ta ni yóò san owó odidi ra àbọ̀?

Ní 2010, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: Windows bẹ̀rẹ̀ sí fi oríṣiríṣi ètò ìwo íntánẹ́ẹ̀tì han oníbàárà, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tí ó wù ú. Nígbà tí èyí kò hàn sí nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ènìyàn láàárín 2011 sí 2012, ìtanràn mílíọ̀nù 561 yúrò ni ó tẹ̀lé e ní 2013.

Lóòótọ́, kò sí ẹni tí ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà òfìfo. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Nítorí náà, kí a gba èènì lọ́wọ́ oníbàárà kọ́ ni òmìnira. Kí ọjà gbogbo ọlọ́jà hàn sí i ni.